Ẹni Méjì Ló Ni Fáìlì Kan

Ẹ̀rọ èsì ìdánwò kú ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan ní Ìkẹ́rẹ́. Kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ náà. Gbọ́láhàn, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i kúrò lórí sáfà àtijọ́, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé e, lọ sórí tuntun ni, àmọ́ inú àpótí ìpamọ́ tí sáfà méjèèjì jọ ń lò ni fáìlì ẹ̀rọ náà ṣì wà. Sáfà tuntun kọ̀ jálẹ̀ láti jí i: fáìlì yìí kì í ṣe ti Gbọ́láhàn. Ti Comfort ni, àgbà òṣìṣẹ́ tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Comfort.

Ọ̀gá ilé-ìwé fárígá. "Màmá Comfort ti gba fáìlì onífáìlì. Bó bá di aago méjìlá, kí wọ́n máa lọ sílé."

Oṣù méjì péré ló kù kí Màmá Comfort fẹ̀yìn tì. Láti láíbìrì ni wọ́n ti gbé wọn wá sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà lọ́dún tó kọjá. Ara Motọ́lání, tó ń rí sí ààbò ẹ̀rọ, kò balẹ̀. Kò tilẹ̀ lè jókòó.

"Mà, ṣé ẹ fọwọ́ kan fáìlì yìí?"

"Ulé mi ní Ìsẹ̀ ni mo wà láti ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mi. Usẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ṣé bí mo ṣe máa parí rẹ̀ rèé?" Omi lé ròrò sójú wọn.

Motọ́lání kọjú sí Gbọ́láhàn. "Ìwọ lo ṣí i. Ṣé o ò pààrọ̀ ẹni tó ni ín?"

"Rárá o, Àǹtí. Ẹ lọ wò ó lórí sáfà àtijọ́."

Ó wò ó. Orúkọ Gbọ́láhàn ló wà níbẹ̀. Ó sáré padà sórí tuntun: Comfort. Fáìlì kan náà ni, kò sì sẹ́ni tó yí nǹkan kan padà lára rẹ̀.

Aago mọ́kànlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó da orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ kọ sórí bébà, bí sáfà kọ̀ọ̀kan ṣe tò wọ́n. Ti àtijọ́: Gbọ́láhàn, Fáníyì, Comfort. Ti tuntun: Comfort, Gbọ́láhàn, Fáníyì.

"Fáníyì! Ìwọ lo to sáfà tuntun?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Sáfà kò mọ orúkọ. Nọ́ńbà ló ń kọ sára fáìlì. Nọ́ńbà kìíní ló ni èyí. Lórí ti àtijọ́, bí ẹ ṣe wọ ọ́fíìsì yìí lẹ ṣe gba nọ́ńbà, Gbọ́láhàn sì ni ẹni àkọ́kọ́. Lórí tuntun ńkọ́?"

Fáníyì dọ̀bálẹ̀ síwájú Màmá Comfort. "Bí a ṣe dàgbà jura wa lọ ni mo ṣe kọ wá. Wọ́n ju ìyá mi lọ, Àǹtí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ wọ́n sísàlẹ̀ tèmi?"

Motọ́lání tún nọ́ńbà wọn tò. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù, ẹ̀rọ náà jí. Ó ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé Màmá Comfort kò gba fáìlì ẹnikẹ́ni.

Màmá Comfort ṣì ń wo Fáníyì nílẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Bí o bá tún ń kọ orúkọ, usàlẹ̀ pátápátá ni kí o kọ mí sí."