Àgbò Ló Kọ́kọ́ Wọlé

Nojeem fi orí ọ̀pá kan ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ó dún gbì, bí ògiri tó le ṣe ń dún. Ó sún síwájú díẹ̀, ó tún kàn án. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dún kòǹkò, bí ohun tó ti ṣófo nínú.

"Ta ló ń kan nǹkan níbẹ̀?" Ohùn Ìyá Àgbà ló jáde láti inú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ògiri náà.

"Èmi ni, Ìyá. Ògiri ni mò ń yẹ̀ wò."

"Àkànní ọmọ mi! Bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. Kí ni ògiri wí?"

Nojeem rẹ́rìn-ín. "Ó ní ebi ń pa òun, Ìyá."

"Tètè fún un lóúnjẹ kí òjò tó dé o. Ògiri tí ebi ń pa kì í bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Ilé amọ̀ ni ilé wọn ní Bẹẹrẹ. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú, wọ́n fi páànù bò ó, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sì kọjú sí títì níwájú rẹ̀. Alhájì Jubril, bàbá Nojeem, ló ń gba owó àwọn ṣọ́ọ̀bù náà nígbà ayé rẹ̀. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, á mú ọmọ rẹ̀ yí ilé ká. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fetí sí ògiri, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ páànù tó ti jẹrà. "Owó yìí kì í ṣe owó wa," ló máa ń sọ. "Ilé ló ni ín. Ilé ni yóò kọ́kọ́ jẹun, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni tiwa."

Nígbà tí àìsàn dá Alhájì dùbúlẹ̀, ó pe ẹbí jọ. Ó ní kí Nojeem, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, máa gba owó ṣọ́ọ̀bù, kó sì máa tún ilé ṣe, kí Bàbá Gàfárù tó jẹ́ àbúrò òun sì máa bi í léèrè. "Ẹ jẹ́ kó ti kékeré mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú.

Ọjọ́ tí Nojeem gbọ́ ohùn ògiri náà ló lọ pe Mikail, bíríkìlà wọn. Mikail ní òun yóò wá ní Sátidé. Owó iṣẹ́ náà wà nílẹ̀. Gbogbo nǹkan ì bá ti lọ bó ṣe yẹ kó lọ.

Kí Sátidé tó pé, Basit ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́bàá títì.

"Láńdílọ́ọ̀dù! Ẹ kú owó gbígbà o, sà!"

"Dìde jàre, ìwọ wèrè yìí."

"Mi ò ní dìde, àfi tí láńdílọ́ọ̀dù bá fún mi ní owó bisikí." Ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀. "O rí àgbò tí àwọn ará ilé kejì rà? Bíi màlúù ló rí. Gbogbo àdúgbò ló ń lọ wò ó."

"Mo rí i."

"Tẹ́lẹ̀, àgbò ta ló máa ń tóbi jù níbí? Ti bàbá ẹ ni. Wọ́n ti ń sọ ọ́ o. Wọ́n ní Alhájì kú, ilé ẹ̀ náà bá a kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnu mélòó ni kí n dárúkọ?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Nojeem lọ́kàn. Iléyá àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ ló ń bọ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìfẹ́ bàbá rẹ̀ ni, àti ìtìjú. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ fi owó ògiri ra ẹran.

Nígbà tí Mikail dé ní Sátidé tòun ti ṣọ́bìrì rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni Nojeem ti pàdé rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn Iléyá, bùọ̀dá."

Mikail gbójú sókè wo ọ̀run. "Òjò ò mọ Iléyá o. Ṣé Bàbá Gàfárù gbọ́ sí i?"

"Wọ́n gbọ́ sí i." Irọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó kọjá níwájú ìsọ̀ Bàbá Gàfárù ní Ọjà'ba, níbi tí wọ́n ti ń ta fìlà. "Ògiri ńkọ́?" ni Bàbá Gàfárù bi í.

"Mikail máa tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá."

"O káre. Títí yóò fi parí, gbé ìyá mi wá sí yàrá bàbá rẹ. Ibẹ̀ le, òfìfo ló sì wà."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu ẹni tí yóò gbé inú yàrá bàbá rẹ̀. Àwọn olè a máa jí àgbò lásìkò Iléyá.

Àgbò tó fi owó ògiri rà funfun, ojú rẹ̀ dúdú, ìwo rẹ̀ ká bí okùn tí wọ́n wé. Òun àti Basit ni wọ́n jọ fà á wọ àdúgbò, àwọn ọmọdé sì tẹ̀ lé wọn láti ìsàlẹ̀ Màpó. "Ọmọ Alhájì! Ilé yín ò ní bàjẹ́ o!" Orí Nojeem wú. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde wá wò ó. Jamilah, àbúrò Nojeem ọmọ ọdún mẹ́jọ tó máa ń sùn lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ló dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹran yìí lẹ́wà," ni Ìyá Àgbà wí. "Ògiri ti jẹun?"

"Ó di ẹ̀yìn Iléyá, Ìyá."

"Bàbá rẹ náà máa ń ra àgbò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá tún ilé ṣe tán ni." Ìyá Àgbà yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ìrun Iléyá ku ọjọ́ méjì nígbà tí ọ̀run ṣú lẹ́yìn Alásárì. Ìyá Nojeem wà lọ́jà ní Oríta-mẹ́rin, Jamilah sì wà ní ilé-kéú. Ìjì fẹ́, òjò sì dà bí ẹni pé wọ́n yí àgbá omi dànù. Nojeem sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tó máa ń so àgbò mọ́ lọ́sàn-án.

"Àkànní! Omi ń wọlé! Wá dì mí mú, ilẹ̀ ń yọ̀!"

"Mò ń bọ̀, Ìyá! Ẹ jẹ́ kí n mú àgbò wọlé ná!"

Àgbò náà kọ̀, kò rìn. Nojeem dì í níwo, ó tì í, ó fà á, títí ó fi wọ yàrá Alhájì. Ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó fi aṣọ nu ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àkànní o!"

"Mo ti ń bọ̀!"

Ó gbọ́ ìró kan tí kì í ṣe ti àrá. Ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà mọ́, àfi òjò.

Ọwọ́ ni Nojeem fi ń wa amọ̀ ògiri tó wó lu yàrá Ìyá Àgbà. Basit dé, àwọn aládùúgbò dé, Mikail náà dé. Nígbà tí wọ́n fi gbé Ìyá Àgbà jáde, ẹ̀mí ti bọ́.

Bàbá Gàfárù sáré wọlé láti Ọjà'ba, omi ń kán lára aṣọ rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀ lórí ẹní. "Ṣebí mo ní kí o gbé wọn wá sí yàrá Alhájì?"

"Wọ́n ń pè mí, Bàbá," ni Nojeem wí, "mo ní kí n mú àgbò wọlé ná." Àgbò sì ké láti inú yàrá Alhájì. Bàbá Gàfárù lọ ṣílẹ̀kùn. Ẹran náà dúró síbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, ó ń jẹ èèpo ẹ̀wà. Bàbá Gàfárù rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Àgbò ló kọ́kọ́ wọlé," ó ní. "Ìyá mi ń pè ọ́, àgbò lo kọ́kọ́ mú wọlé."

Kò nà án. Nojeem ì bá fẹ́ kó nà òun.

Wọ́n sin Ìyá Àgbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí àwọn èrò lọ tán, Jamilah wá dúró ti Nojeem, ó gbá ìrọ̀rí rẹ̀ mọ́ àyà. "Bùọ̀dá mi, ọ̀dọ̀ ta ni mo máa máa sùn?"

Ẹnikẹ́ni kò lè jẹ ẹran náà. Wọ́n tà á ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi owó rẹ̀ kún ti ṣọ́ọ̀bù, Mikail sì fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri tuntun. Nojeem bẹ Bàbá Gàfárù pé kó gba àkóso ilé lọ́wọ́ òun.

"N kò ní gbà á," ni Bàbá Gàfárù wí. "Bí mo bá gbà á, wàá gbàgbé. Oṣooṣù ni wàá máa wá ròyìn fún mi, ojú mi ni wàá sì máa wò."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ogún sílẹ̀ fún, ẹ má ṣe sọ pé Nojeem kò mọ̀. Wọ́n kọ́ ọ, ó sì mọ̀; etí rẹ̀ ni ògiri dún sí. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni kò ní. Ogún kì í ṣe ohun tí a fi ń gba ìyìn lójú títì. Ẹ̀mí àwọn tó sùn sínú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ajogún. Àwọn tó yin àgbò náà ti gbàgbé àwọ̀ rẹ̀ báyìí.

Yàrá ẹ̀yìnkùlé ti dára, wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Jamilah kọ̀, kò wọ ibẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí, Nojeem kò sì jẹ́ sọ fún un pé ògiri náà ti le.