Ojú Òsì Bojúwẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ fún ọkùnrin náà ni pé kó panu dé, kó sì dojú bolẹ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ni. Àárín pápá ni wọ́n rà á fún. Èmi ni mo ń wọ́ ẹsẹ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Ọlọ́wọ́-Irin ni wọ́n ń pè mí. Ó gun orí tábìlì, mo fọwọ́ kan iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ọwọ́ mi rọ̀ bí ìyẹ́ àdàbà.

"Ọwọ́ mi ò rọ̀," mo ní. "Òróró lo ń rò pé ọwọ́ ni. Panu dé, dojú bolẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tẹ ibi tó ń dùn ún gan-an, ẹ̀rín náà tán.

"Ìyá mi ò bí mi fún irú èyí," ó ní.

"Ìyá rẹ ló sì ní kí o máa sáré láìkọ́kọ́ na iṣan? Na ẹsẹ̀."

Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ èèyàn jẹ kì í sọ̀rọ̀ tó korò. Nítorí náà, ó pẹ́ kí n tó dá a lóhùn, ẹnu rẹ̀ kọ́ ló sì mú mi. Lẹ́yìn ìgbaradì, bí àwọn yòókù bá ti lọ, á dúró bá mi ká tọ́wẹ̀lì. Kò mọ̀ ọ́n ká. Bó bá ká a tán, mo máa tú u, á sì tún un ká. Lọ́jọ́ kan, ó ká gbogbo rẹ̀ dáadáa, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Ó sọ fún mi pé ohun méjì ló kù tí òun ń fẹ́ láyé: kí n fẹ́ òun, kí òun sì gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè. Wọ́n ti pè é sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè rí, nígbà tó ṣì kéré. Orí bẹ́ńṣì ló jókòó sí títí ìdíje fi parí.

"Bí mo ṣe gba jẹ́sì náà ni mo ṣe dá a padà," ó ní. "Òógùn kan ò kán sí i."

"Èwo lo fẹ́ jù nínú méjèèjì?"

"Ṣé kí n parọ́ ni, àbí kí n sọ òtítọ́?"

"Òtítọ́."

"Jẹ́sì."

Mo ní mo gbà, mà á fẹ́ ẹ.

Ìgbà tó yá, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tí òjò rọ̀ lé lórí, òun àti agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì jọ fò sókè, ìgúnpá onítọ̀hún sì gbá a lójú òsì. Ó ṣubú. Ó dìde. Dókítà ẹgbẹ́ wa na ìka sí i, ó kà á. Ojú náà wú díẹ̀, ó sì wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún rántí rẹ̀.

Àtìgbà náà ló ti ń bojú wẹ̀yìn. Agbábọ́ọ̀lù àárín tó bá mọṣẹ́ a máa wo ẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀, kó lè mọ ẹni tó ń bọ̀. Ti ọkùnrin yìí wá kọjá bẹ́ẹ̀. Á yí ọrùn sósì, á tún yí i, bí adìyẹ tó gbúròó àṣá. Àwọn òǹwòran sọ ọ́ ní Bojúwẹ̀yìn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní ọgbọ́n ti wọ eré rẹ̀, pé orí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ orílẹ̀-èdè gbọ́, ó wá wò ó, ó sì pè é. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ló kù tí yóò sọ bóyá orílẹ̀-èdè wa á lọ sí ìdíje ńlá tàbí kò ní lọ.

Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń bá a dúnàádúrà iṣẹ́, bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀ pápá.

Kó tó lọ sí ibùdó ikọ̀, ó wá kí àwọn èèyàn mi. Ìyá mi ń bá a sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé, lápá òsì rẹ̀, ó gbé omi wá fún un nínú ife. Ó dúró. Ọkùnrin náà kò dìde, kò kí i, kò na ọwọ́. Ó ń bá ẹ̀rín rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé omi rẹ̀, ó sì padà sí ilé ìdáná.

"Mo dúró tì í bí ọmọ ọ̀dọ̀," ó ní nígbà tí mo bá a níbẹ̀. "Ó wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín lọ."

"Kò rí yín ni, mà."

"Ìgbà wo ni mo di abẹ́rẹ́?"

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ìyá mi ò fi bò. "Kò tíì wọ jẹ́sì orílẹ̀-èdè, ó ti ga ju àgbà lọ. Bó bá wá wọ̀ ọ́ ńkọ́? Mi ò fọwọ́ sí i o, ọmọ mi."

Mi ò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi sọ ló ń dún létí mi. Kò rí yín.

Lọ́jọ́ kejì, ó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì mi, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń sọ bí àwọn yóò ṣe gbá bọ́ọ̀lù náà. Mo mú tọ́wẹ̀lì, mo rọra nà án sí i lápá òsì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Ìgbà wo ni ojú yìí ti fọ́?" mo bi í.

Ó yí ọrùn sósì, ó rí tọ́wẹ̀lì. Mo gbọ́ tí omi ń kán nínú ilé ìwẹ̀.

"Kò fọ́," ó ní. "Bíi pé wọ́n fa aṣọ fèrèsé dé ìdajì ni. Ó ń sún mọ́ àárín díẹ̀díẹ̀."

"Ta ló mọ̀?"

"Ìwọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré ni mo bẹ̀ ọ́ fún. Tó bá ti parí, mà á lọ bá dókítà. Jọ̀ọ́, ẹyinjú mi."

"Má pè mí ní ẹyinjú lónìí."

Mo lọ bá dókítà ojú kan, mo ṣàlàyé, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní awọ inú ojú ló ń bó, bí ọ̀dà ṣe ń bó lára ògiri. Ó ní kí ẹni náà má sáré, kó má fi orí kan bọ́ọ̀lù, kó wá fún iṣẹ́ abẹ kíákíá. Bí nǹkan bá tún gbá a, ojú náà lè lọ pátápátá.

Mo padà, mo sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi.

"Mo ti gbọ́," ó ní.

"Lọ sọ fún wọn."

"Rárá."

"Nígbà náà, èmi á sọ ọ́."

Kò pariwo. Ó wọ bàtà rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Bí o bá sọ ọ́, má dúró dè mí mọ́." Ó sì lọ sí ibùdó.

Ó dájú pé ó ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ló wá ká mi mọ́lé.

"Ojú ló ń dùn ún," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù."

"Ẹ̀yin náà ẹ di ojú yín kan kí ẹ sọdá títì, kí n wò yín."

Ìyá rẹ̀ ò bá wa jà. Ó kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi lọ́la kúnlẹ̀ fún mi lórí ilẹ̀ yàrá mi. Èmi náà sáré kúnlẹ̀, a wá ń wo ara wa bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

"Láti kékeré ló ti ń fẹ́ nǹkan yìí," ó ní. "Má gbà á lọ́wọ́ ọmọ mi."

"Mà, ojú méjì lẹ bí i pẹ̀lú."

"Mo mọ̀."

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó dá èyí tó kù sí."

Ó sunkún, ṣùgbọ́n kò gbà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bí mo bá lanu, kí n gbàgbé ìgbéyàwó. Mo ti gbàgbé rẹ̀ kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń rò ni ìgúnpá.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà nígbà tí mo dé òtẹ́ẹ̀lì tí ikọ̀ wà. Òwúrọ̀ ni. Mo bá a níwájú yàrá tí wọ́n ti ṣèpàdé tán. Ó rí mi, ó rín ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú.

"Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ojú mi ń ríran ju ti gbogbo wọn lọ," ó ní. "Nítorí náà, ó gbé mi kúrò láàárín. Apá ọ̀tún ló fi mí sí."

Mo lóye. Ẹni tó bá wà ní apá ọ̀tún, ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá ni yóò wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Gbogbo pápá, àti gbogbo ẹni tó ń sáré bọ̀ wá gbá a, á wà ní òsì.

"O ṣì lè sọ ọ́ fúnra rẹ," mo ní.

Ó mi orí.

"Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ. Mò ń lọ bá dókítà ikọ̀ báyìí. Máa bọ̀."

Mo rò pé kò ní tẹ̀ lé mi. Ó tẹ̀ lé mi. Mo dúró níwájú dókítà, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Irọ́ ni," Bojúwẹ̀yìn ní. "A jà ni, sà. Ó fẹ́ fi gbẹ̀san."

Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Dókítà wo èmi, ó wo òun. "Fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún."

Ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ó dúró lófuurufú fúngbà díẹ̀, ó wá bo ojú. Dókítà na ìka sí i lápá òsì, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni mo dúró sí.

"Ìka mélòó?"

Ó yí ọrùn, ó ń wá ìka náà. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, èmi ló bá sọ ọ́. "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí."

"Mi ò rí ọ," ó ní, ó sì jókòó.

Wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fi ẹlòmíràn sí apá ọ̀tún, wọ́n sì na orílẹ̀-èdè wa. Nínú rédíò, wọ́n ń bú obìnrin kan tí wọn ò mọ̀. Mo ń ká tọ́wẹ̀lì, mo ń gbọ́.

Ìmọ́lẹ̀ padà sínú ojú náà, àti àwọ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn dókítà ò gbà á láyè láti padà sórí pápá, ì báà jẹ́ fún ẹgbẹ́ wa. Kò ránṣẹ́ sí mi. Ìyá rẹ̀ ló yà lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Mi ò wá kí ọ o," ó ní. "Mo kàn ní kí n sọ fún ọ pé ó mọ àwọ̀ aṣọ mi lónìí." Ó sì lọ.

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Mo ń wọ́ ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù àárín tuntun lọ́wọ́ nígbà tí Bojúwẹ̀yìn wọlé. Ó dúró títí mo fi ṣe tán, tí ọmọkùnrin náà sì jáde.

"Mi ò wá dúpẹ́," ó ní.

"Mi ò retí ọpẹ́."

"Inú ń bí mi sí ọ. Bí mo bá jí láàárọ̀, mà á rántí pé mi ò wọ jẹ́sì yẹn. Mà á rántí pé ìwọ lo fà á. Mà á wá wo ẹ̀gbẹ́ mi, mi ò ní rí ọ, ìyẹn á tún dùn mí ju méjì àkọ́kọ́ lọ. Ó ti sú mi."

"Èyí tó kẹ́yìn yẹn nìkan ni agbára mi ká."

"Inú á ṣì máa bí mi."

"Máa bínú. Nílé wa ni kí o ti máa bínú."

Ó mú tọ́wẹ̀lì kan, ó ń ká a. "O gbọ́ irọ́ tí mo pa mọ́ ọ níwájú dókítà."

"Mo gbọ́ ọ. Èmi náà á máa bínú tèmi. Ilé á gbà wá."

Ìyá mi fọwọ́ sí i nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n Bojúwẹ̀yìn ò wá sí ìgbéyàwó náà. Ìyá rẹ̀ wá, ó jókòó ti ìyá mi, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí a mú bọ́ sí ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó wo ìyẹn nígbà tí a ń mú ọjọ́.

A ti bọ́ síta, a ń ya fọ́tò, nígbà tí gbogbo àdúgbò hó lẹ́ẹ̀kan náà. Góòlù ti wọlé. Ọkọ mi ò yíjú síbi tí ariwo ti ń bọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fún un títí egungun ìka mi fi ń dùn mí.

Mi ò gba ọwọ́ mi.