Ẹ̀jẹ̀ Àbúrò Lórí Káàdì Ẹ̀gbọ́n

Bí o bá wọ Owódé ní Ọ̀fà, tí o béèrè Ọlánípẹ̀kun oníṣòwò páànù, kò sẹ́ni tí kò ní júwe rẹ̀ fún ọ. Ó ga, ó sanra, àga iwájú ni tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n Arínú-róde, Olùmọ̀ràn ọkàn, mọ ohun tí ó wà lábẹ́ agbádá náà.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti rí kòkòrò éèdì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò jẹ́ gba ìtọ́jú ní Ọ̀fà. Ẹ̀rìn-Ilé ló ń gun ọ̀kadà lọ, torí ó mọ̀ pé ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì kò ní jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ òun yà síbẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fún un, inú ṣáláńgá ló ń dà á sí.

"Èmi Ọlánípẹ̀kun," á ní, "kí n máa ka hóró oògùn bí arúgbó?"

Nọ́ọ̀sì Roseline wá sọ fún un pé wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè ka iye kòkòrò tí ó wà níbẹ̀. Bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́, iye náà á ti wálẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, àṣírí tú.

Ó bá dá ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ó ní àbúrò kan, Gbádé, ọmọ ìyá rẹ̀, tí ń ṣe wẹ́dà lẹ́bàá ojú irin. Wọ́n jọra bí awẹ́ obì.

"Gbádé, bá mi dé Ẹ̀rìn-Ilé. Àyẹ̀wò ṣúgà ni. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ jẹun, mo sì ti jẹ iyán."

"Iyán láàárọ̀ kùtù? Ẹ̀gbọ́n mi!" Gbádé rẹ́rìn-ín títí. "Àbí abẹ́rẹ́ lẹ ń sá fún, pẹ̀lú gbogbo ara yín yìí?"

"Gba káàdì, jàre. Ṣebí ọmú kan náà la jọ mu."

Gbádé lọ, ó na apá, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, Roseline kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogóje kòkòrò ni ẹ̀rọ kà, nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò kún ṣíbí ìmutíì. Ẹ ò lo oògùn yín."

Ọlánípẹ̀kun tún èsì náà wò. Ẹ̀jẹ̀ Gbádé mà ni! Gbádé ní kòkòrò náà, kò mọ̀. Àdìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sì lóyún oṣù mẹ́ta, ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ilé ló ń lọ, wọn kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá là á, wọn á mọ̀ pé òun náà ní i. Ọkùnrin tí kò lè gbé oògùn mì wá gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kì wá. Ṣùgbọ́n ìjàkadì tí ń lọ nínú ọkùnrin yìí kò ní òǹwòran. Oṣù kan lọ. Oṣù kejì lọ. Gbádé bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ṣòkòtò kò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní èéfín irin ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra àgbo fún un, ó ra mílíìkì, ó ra oyin. Gbogbo nǹkan ló gbé wá, àfi òtítọ́.

Níkẹyìn, Adétóyè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, bá a lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ní Ẹ̀rìn-Ilé. Ọlánípẹ̀kun yára fa fìlà bojú.

"Ṣí fìlà, mo ti rí ọ," ni Adétóyè wí. "Ọdún kẹsàn-án mi rèé lórí bẹ́ǹṣì yìí. Ìtìjú lo ń tọ́jú, o fi ara sílẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi ń lo oògùn mi, n kì í jẹ́ ó yẹ̀. Ẹ̀rọ wá kòkòrò náà títí, kò rí i mọ́. Kò kúrò o! Wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ni."

Ni Ọlánípẹ̀kun bá bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Adétóyè dì í léjìká mú.

"Ọlánípẹ̀kun, Ọlọ́run ń bi ọ́ pé àbúrò rẹ dà. Kí lo fẹ́ sọ? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀rọ, ó ń sọ̀rọ̀ níwájú Ìtẹ́. Jésù kì í lé ẹlẹ́ṣẹ̀ tó jẹ́wọ́. Ké pè é, kí o sì dìde lọ sílé Gbádé."

Lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni agbéraga náà ti ké pe Jésù. Láti ibẹ̀ ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ̀gbọ́n fún àbúrò.

"Ẹ dìde, Bọ̀dá mi! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Mo ti ń pa ọ́ láti oṣù mẹ́rin," ni ó wí.

Wọ́n sáré gbé Gbádé lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ikọ́ ife ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n bá kòkòrò náà lára Àdìkẹ́ pẹ̀lú. Ọjọ́ náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Gbádé lò. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. "Mi ò bínú mọ́, Bọ̀dá. Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́."

Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́.

Àdìkẹ́ bí ọmọbìnrin kan, Olúwabùnmi. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò léraléra, kòkòrò kò sí níbẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ ti wálẹ̀ débi pé ẹ̀rọ kò rí i. Ọlánípẹ̀kun ń gbé oògùn tirẹ̀ mì láràárọ̀, apá tirẹ̀ ló ń nà fún abẹ́rẹ́. Ó ti kúrò lórí àga iwájú. Ẹ̀yìn ló ń jókòó, ọmọ tí kò mọ bàbá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, ẹ̀jẹ̀ ta ni o fẹ́ gbé lọ síwájú Ọlọ́run lórúkọ ara rẹ? Àdúrà ìyá rẹ ni? Àbí ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá rẹ kọ́? Ẹ̀rọ lásán kò gba irọ́ Ọlánípẹ̀kun, áńbọ̀sì Ọba tí ń wo inú kíndìnrín! Gbádé fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Jésù mọ̀ nígbà tí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ rẹ. Ó mọ iye ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ó sì ní kí wọ́n kà á sí òun lọ́rùn.

Bí oògùn kan bá wà tí o ń dà nù, gbé e mì. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí ẹ̀mí ẹlòmíràn rọ̀ mọ́, lọ sọ ọ́. Kí o tó dìde níbi tí o jókòó sí, wí pé: "Jésù, èmi ni mo ṣe é. Ṣàánú mi."

Má dúró dìrọ̀lẹ́. Ọlánípẹ̀kun rí ìdáríjì gbà. Kò rí Gbádé mọ́.

Òní ni o.