Ẹ̀rọ Ní Ọ̀nà Mọ́ Kedere

Tìbínú-tìbínú ni mo fi wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo ti fi odidi wákàtí kan jókòó sójú kan nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mẹ́rìnlá sì wà nínú àpótí yìnyín lẹ́yìn mi. Iṣẹ́ mi nìyẹn, kí n máa gbé ẹ̀jẹ̀ láti ilé ìwòsàn lọ sí ilé àyẹ̀wò. Tí yìnyín bá yọ́ tán, wọ́n á tún lọ gún àwọn aláìsàn lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo gbé ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún mi lé orí tábìlì rẹ̀, gbàà!

"Nǹkan yìí ti ya wèrè! Ó ní ọ̀nà mọ́ kedere. Ṣé ọ̀nà tó mọ́ nìyẹn?"

Kò tiẹ̀ wo ẹ̀rọ náà. Wáyà tí mo fi ń fún un níná ló mú, ó fọwọ́ tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Orí ẹ̀ pé. Kò gbọ́ ìròyìn kankan ni. Iná nìkan ni wáyà yín ń gbé." Ó na òmíràn sí mi, dúdú bíi tèmi, àmọ́ kókó kékeré kan wà láàárín ẹ̀. "Kókó yìí ló ń gba ìròyìn ọ̀nà wọlé, bíi rédíò. Tí kò bá sí i, ẹ̀rọ ò ní mọ̀ pé ọkọ̀ dí níbì kankan. Gbogbo ọ̀nà ló máa mọ́ lójú ẹ̀."

"Ẹni tó bá wá gbà á gbọ́ ńkọ́?"

"Á jókòó sójú kan fún wákàtí kan, á wá wá bú mi."

Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín, mo sì ra wáyà náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo padà lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ní ó ń ya òun lẹ́nu, pé irú ẹ̀rọ wo ló máa ń bàjẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Oníwáyà nìyẹn, bí mo sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ara mi: oníjàyà èèyàn ni mí. Tí fóònù bá dún, àyà mi á já. Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, mo ti sin ẹnì kan lọ́kàn mi kí n tó ṣí i. Oníwáyà á wá di ọwọ́ mi mú, á ní, "Ìfẹ́ mi, mí ná. A ò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀." Ọkàn mi á sì balẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i ṣe rí kó tó dé.

Ọdún kan kọjá, a fẹ́ ṣègbéyàwó, ó wá ku kí bàbá mi gbà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi wa ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó kọ́kọ́ wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá pẹ́, ìta ni bàbá mi ti dá a padà. Ẹlòmíràn ni ẹ̀gbọ́n mi padà fẹ́.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ Oníwáyà, bàbá mi ń múra láti lọ lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ àbúrò wọn. "Ọkọ̀ ojú irin mi máa gbéra láago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Sátidé," wọ́n ní. "Kó wá rí mi láago mẹ́rin. Tí mo bá lọ láì fojú rí i, kí ọ̀rọ̀ yín parí síbẹ̀. Mi ò ní fa ọmọ mi lé ẹni tí kò mọ aago lọ́wọ́."

Màmá mi ní, "Ẹ̀yin náà ẹ rọra." Ó dà bíi pé wọn ò sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, èmi àti Oníwáyà jọ fọ ọkọ̀ wa níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A kó gbogbo ohun tó wà nínú wọn síta. Nígbà tá a parí, mo ní kó lọ gé irun, pé màá bá a to ọkọ̀ rẹ̀. Mo nu gíláàsì, mo ki wáyà bọ ẹ̀rọ rẹ̀, mo ń kọrin. Mo ti ń ṣe bí ìyàwó.

Láago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, ó pè mí. "Mo ti wà lọ́nà. Ẹ̀rọ ní ọ̀nà mọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré."

Aago mẹ́rin lù. Bàbá mi ti wọ bàtà, àpò wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Mẹ́rin kọjá márùn-ún. Mẹ́rin kọjá mẹ́wàá. Fóònù dún, mo sá wọ ilé ìdáná.

"A ò kúrò lójú kan," Oníwáyà ní. "Ó dí pa lórí afárá. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀rọ ṣì ń sọ pé ọ̀nà mọ́ kedere."

Mo rántí. Wáyà mi àtijọ́, èyí tí kò ní kókó, mi ò jù ú nù o. Fóònù ni mo fi ń gba iná sí, inú àpò ọkọ̀ mi ló máa ń wà, a sì kó o síta pẹ̀lú tirẹ̀ láàárọ̀.

"Wo wáyà yẹn," mo ní. Mo ti ń sunkún.

Mo gbọ́ bó ṣe fa wáyà náà yọ. Ó ti rí i. Ó sì mọ ẹni tó fi í síbẹ̀.

"Má sunkún," ó ní. "Mò ń bọ̀, àyànfẹ́ mi."

Láago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, bàbá mi dìde. "Ó tó. Gbé mi lọ." Mo yọ́ sọ fún Oníwáyà lórí fóònù pé ibùdó ọkọ̀ ojú irin là ń lọ, mo wá wakọ̀. Bàbá mi jókòó sí iwájú, màmá mi sí ẹ̀yìn. Lójú ẹ̀rọ tèmi, afárá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ torí ọkọ̀ tó dí, ẹ̀rọ sì mú wa gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Wáyà Oníwáyà, tòun ti kókó rẹ̀, wà nínú àpò ọkọ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá, èmi ni mo ṣe é." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa.

Bàbá mi ò wò mí. "Ṣé ó mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Ó mọ̀, sà."

Aago ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò títí a fi débẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ti wà níbẹ̀. Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn rẹ̀ nígbà tí mo rí Oníwáyà tó ń sáré bọ̀ láàárín èrò, táì rẹ̀ wà léjìká, òógùn ti mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rin gbingbin. Ó ti fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó fẹsẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀ lórí afárá.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Aago mélòó ni mo dá fún ọ?"

"Mẹ́rin, sà."

"Márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún rèé. Kí ló dé?"

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò. "Ẹ̀bi mi ni, sà. Wáyà tí kì í gba ìròyìn ni mo kì bọ ẹ̀rọ mi."

"Ìwọ lo fi í síbẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣebí iṣẹ́ tó ò ń ṣe jẹun nìyẹn?"

Ó tẹ orí ba. "Iṣẹ́ mi ni, sà. Ó tì mí lójú gan-an."

Mo la ẹnu, "Bàbá..." Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, mo pa á dé.

"Kò sẹ́lòmíràn tó fọwọ́ kan wáyà yẹn?"

"Kò sí, sà. Èmi nìkan."

Fèrè dún. Bàbá mi yíjú sí màmá mi. "Ìyá ọmọ yìí, ṣé ẹ gbọ́ irọ́?"

"Mo gbọ́ o," màmá mi ní. "Ẹ wọlé jọ̀ọ́, ọkọ̀ ń lọ!"

Bàbá mi sọ ẹsẹ̀ yẹn kalẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn pa dé. Ọkọ̀ ojú irin fà, ó gbéra, ó lọ. Màmá mi káwọ́ lérí. "Yéè! Ọkọ̀ yín!"

"Mo rí i," bàbá mi ní. "Òmíràn máa lọ láàárọ̀ ọ̀la."

Láyé mi, mi ò rí i kí ọkọ̀ fi bàbá mi sílẹ̀ rí. Wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fọwọ́ gbá àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Oníwáyà rọra jókòó, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"O ò gbọdọ̀ purọ́ fún mi mọ́, kódà torí ọmọ mi," bàbá mi ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o ti jẹun láti àárọ̀?"

"Rárá, sà. Ẹ̀rù yín ò jẹ́ kí n jẹun."

"Dìde," bàbá mi ní, wọ́n gbé àpò wọn lé e lọ́wọ́. "Gbé e, ká lọ jẹun nílé wa."