Ọjọ́ Tí Rájí Ahunṣọ Dé Ojú Ìjàkadì

"Ìyá Àwáwù, jọ̀ọ́, wá fà mí dìde."

Sìmbíátù gbé àwo ẹ̀kọ kalẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì fa Rájí kúrò nídìí òfì tó ti ń hun láti àárọ̀. Rájí kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú, ó dúró díẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ lè nà, lẹ́yìn náà ló tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn ahunṣọ yòókù nínú agbo ilé ti rí èyí títí ó ti sú wọn, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè mọ́.

Ọdún kejì tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gba Ẹdẹ kọjá lọ sí Òṣogbo ni. Gbogbo ènìyàn ló ń yọ̀ mọ́ ọkọ̀ yẹn, àfi àwọn ahunṣọ. Aṣọ òyìnbó tó ń kó wá kò wọ́n, ẹni tó bá sì fẹ́ kí òfì tirẹ̀ tà gbọ́dọ̀ jókòó tì í láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀. Rájí jókòó tì í. Kò tíì pé ogójì ọdún, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti gan, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú, bó bá sì rìn dé etí odò Ọ̀ṣun, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

"Baba Àwáwù, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Ìyá Alájùé," Sìmbíátù sọ lọ́jọ́ náà. "Bí ẹ bá tún ní ó máa lọ fúnra rẹ̀, èmi ò ní fà yín mọ́ o."

Ìyá tó ń gbé àdúgbò Alájùé yìí, Ọ̀ṣuntọ́lá lorúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń to eegun tó bá ṣẹ́ fún gbogbo agbègbè náà. Olórìṣà ni, ìmàle sì ni Rájí, ṣùgbọ́n orúnkún tó ń dunni kì í béèrè ẹ̀sìn. Ìyá tẹ orúnkún náà lọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ lósì, ó ní kí Rájí lóṣòó kó sì dìde. Rájí lóṣòó. Dídìde ló di wàhálà.

"Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Ìyá bi í.

Rájí kọ́kọ́ wo ojú ìyàwó rẹ̀ ná. "Ìrun ni, Ìyá. Bí mo bá ti foríkanlẹ̀, ẹ̀rù bí n ó ṣe dìde ló máa ń bà mí. Mi ò gbọ́ àdúà tí mò ń ṣe mọ́. Lèmọ́ọ̀mù ní kò séèwọ̀, kí n máa jókòó kírun bí àwọn arúgbó. Ìyá, bàbá tó bí mi lọ́mọ ṣì ń dúró kírun."

"Eegun kankan ò ṣẹ́ lára rẹ," Ìyá wí. "Ìjókòó ló ń ṣe ọ́. Ara tí a kò bá lò, gígan ló ń gan, mi ò sì mọ àgbo tí wọ́n ń sè fún ìjókòó. Máa lọ sójú ìjàkadì Ògúndèyí nírọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mi ò ní kó o lọ gbé ẹnikẹ́ni ṣubú o. Wọ́n máa ń sáré níbẹ̀, wọ́n máa ń lóṣòó, wọ́n máa ń gbé òkúta. Ìwọ̀nba tí agbára rẹ bá ká ni kó o ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni Rájí ṣe lọ. Ilẹ̀ oníyanrìn ni ojú ìjàkadì náà, ẹ̀yìn agbo ilé Ògúndèyí tó jẹ́ ọ̀gá wọn ló wà. Ó dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń retí kí ẹnì kan kí òun. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Nínú ìlú tí wọ́n ti ń kí ẹni tó jókòó, tí wọ́n ń kí ẹni tó dúró, tí wọ́n ń kí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò, ọkùnrin kan dúró títí òógùn ara rẹ̀ fi gbẹ, kò sẹ́ni tó ní "ẹ káàbọ̀".

Nígbà tó yá, Ògúndèyí rí i. "Ahunṣọ, ta lo wá wọn aṣọ fún níbí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Rájí náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tójú ń tì. Ó ní òun fẹ́ máa bá wọn ṣeré ni.

"Ó dáa. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Àyàndá ló máa ń kí i káàbọ̀."

Àyàndá ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó lágbára jù láàárín wọn. Kí Rájí tó mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí, ojú ọ̀run ló ń wò, yanrìn sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Ó jẹ yanrìn, ó yó," ni gbogbo wọn ń kọ lórin, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ní "pẹ̀lẹ́". Èèwọ̀ ni níbẹ̀. Wọ́n ní "pẹ̀lẹ́" máa ń sọ eegun onìjàkadì di rírọ̀. Rájí yí padà, ó fọwọ́ òun orúnkún tẹlẹ̀, kò rí ara gbé. Wọ́n rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀rín bá tún pọ̀ sí i. Ìgbà tó wọ́ dé ìdí ògiri tó sì dì í mú ló tó dìde. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi í pé kí ló gbé e wá.

Inú bí i, inú rẹ̀ sì tún bàjẹ́. "Sìmbíátù, mi ò débẹ̀ mọ́ láyé mi," ló wí nígbà tó délé. Ìdí òfì ló padà sí.

Jímọ̀ọ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó ń bẹ̀rù dé bá a. Lèmọ́ọ̀mù ti dìde, àwọn èrò ti dìde, iwájú orí Rájí ṣì wà nílẹ̀. Ọládòṣù, bàbá tó ń ta obì, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà ò tíì nàró tán. Rájí nawọ́, ó di èjìká bàbá náà mú, ó fi gbéra. Láti ọjọ́ náà, Ọládòṣù kì í tètè dìde mọ́ nínú ìrun. Á rọ èjìká rẹ̀ sílẹ̀, á dúró de ọwọ́ Rájí. Oore ni bàbá náà ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú ń ti Rájí gidigidi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀.

Sìmbíátù ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gba Alájùé lọ, ó ro gbogbo rẹ̀ fún Ìyá. Lọ́jọ́ kejì, Rájí wà nídìí òfì nígbà tí Ìyá wọlé, Ògúndèyí sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Ògúndèyí, jókòó sídìí òfì yẹn," Ìyá wí.

"Èmi kẹ̀, Ìyá?"

"Ìwọ ni. Ṣebí alágbára ni ọ́. Hun ún ká rí i."

Kò lè bá Ìyá jiyàn. Ògúndèyí jókòó, itan rẹ̀ ò sì fẹ́ẹ̀ gba abẹ́ igi òfì. Ó mú ọ̀kọ̀, igi kékeré tó ń gbé òwú la àárín aṣọ kọjá, ó jù ú bó ṣe rò pé àwọn ahunṣọ ń jù ú. Ó gba ibi tí kò yẹ, ó jábọ́. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún un ṣe, òwú mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà.

"Pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́," Rájí ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ òwú náà. "Ẹ má fà á. Kò sí ẹni tí kò já a rí nínú wa." Ó so òwú náà pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ẹ wá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ rí i bó ṣe là? Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà á kọjá."

Ìyá ń wò wọ́n. "Rájí, ọkùnrin yìí fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Òwú rẹ ló tún já yìí. Kí ló dé tí ìwọ ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́?"

Rájí rò ó. Ní tòótọ́, kò wá sí i lọ́kàn. "Ìyá, bá a bá fi ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, kò ní wá lọ́la. Ta ni yóò wá bá wa hun ún?"

"Kí lẹ wá fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?"

"Òwú kíká ni. Ó lè ká òwú fún oṣù mẹ́ta kó tó jókòó sídìí òfì. Ẹnì kan á sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ìyá yíjú sí Ògúndèyí. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fi ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn?"

"Àyàndá ni," Ògúndèyí wí.

Sìmbíátù fọwọ́ bo ẹnu, ó yíjú sẹ́yìn.

"Àwọn mélòó ló wá bá ọ láti ọdún yìí?" Ìyá tún bi í.

"Wọ́n tó mọ́kànlá."

"Mélòó ló kù?"

"Kò ku ẹnì kankan. Mo rò pé wọn ò lè ṣe ọkùnrin ni."

"Ìyẹn làwọn onìjàkadì ìlú Awo fi ń gbé yín ṣubú lọ́dọọdún. Ògúndèyí, ẹni tó lágbára tẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ ń kú lọ ló nílò rẹ, òun lẹ sì ń lé dà nù. Bí ènìyàn bá kọsẹ̀ lọ́nà oko, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á ní 'pẹ̀lẹ́', bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló tì í. Ìwọ ní kí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ ṣánlẹ̀, 'pẹ̀lẹ́' wá dèèwọ̀."

"Ìyá, àwọn bàbá wa ní ó máa ń rọ eegun ni."

"Èmi ni mò ń to eegun ní gbogbo agbègbè yìí. Mi ò tíì rí èyí tí 'pẹ̀lẹ́' ṣẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ làgbà ibẹ̀, ìwọ lo máa tún un ṣe."

Ògúndèyí rọra yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú òfì. "Rájí, kí ló gbé ọ wá sọ́dọ̀ wa gan-an?"

Rájí sọ ọ́ fún un, ti ìforíkanlẹ̀ àti ti èjìká Ọládòṣù. Ògúndèyí ò rẹ́rìn-ín rárá. "Ọjọ́ tó o dé ló yẹ kí n ti bi ọ́," ló wí. "Èmi fúnra mi ni n ó wá mú ọ lọ́la."

Ó sì wá. Nígbà tí wọ́n dé ojú ìjàkadì, ó dá gbogbo eré dúró. "Rájí nìyí, láti agbo ilé ahunṣọ. Orúnkún rẹ̀ ló gbé e wá. Ẹ kí i." Wọ́n kí i. Ó fa Àyàndá yọ: "Ìwọ tó gbé e ṣánlẹ̀ ni kó o máa gbé e dìde."

Òpó kan wà níbẹ̀. Rájí dì í mú, ó lóṣòó, ó dìde, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré. Àyàndá ń kà á fún un, bó bá sì ti ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ sinmi ná." Ìgbà kejì tó wá, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́fà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìyá tún pa á láṣẹ pé bó bá ti hun ìgbọ̀nwọ́ kan tán, kó dìde rìn yí agbo ilé ká.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn o. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tún bẹ̀rẹ̀ orin yanrìn, nítorí àṣà burúkú kì í tètè tán. Ògúndèyí wò ó, orin náà sì kú sí i lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ kan, itan ro Rájí gan-an, ó fara pa mọ́ sílé. Ògúndèyí bá a délé, ó jẹ ẹ̀kọ, ó kí àwọn ọmọ, kò bá a wíjọ́. Ìgbà tó ń lọ ló wá ní, "A ò rí ọ. Ó ń ṣe wá bákan." Rájí lọ lọ́jọ́ kejì.

Ó di Jímọ̀ọ̀ kan nínú oṣù karùn-ún tó ti ń lọ sójú ìjàkadì. Lèmọ́ọ̀mù kábárà, èrò foríkanlẹ̀, ó tún kábárà, wọ́n dìde. Nígbà tí ìrun parí, Ọládòṣù fa Rájí láṣọ, ojú rẹ̀ kò dùn.

"Rájí, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá?"

"Èjìká mi wà nílẹ̀, mò ń dúró dè ọ́ títí mo fi kẹ́yìn gbogbo mọ́ṣáláṣí. O ò dì í mú."

Rájí wo bàbá náà, omi sì lé ròrò sí i lójú. "Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Bàbá. Mo ti dìde kí n tó rántí yín."

Ẹ̀yin ará wa, irin ni wọ́n ń gbé nílé ìdárayá òde òní dípò òkúta, ṣùgbọ́n Rájí pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó sanra wà níbẹ̀, àgbàlagbà wà níbẹ̀, obìnrin tó bímọ lẹ́nu àìpẹ́ wà níbẹ̀, tí wọ́n dúró lẹ́bàá ògiri tí wọn ò mọ ibi tí wọn ó fọwọ́ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é tipẹ́, ẹ kí wọn. Ẹ bi wọ́n lórúkọ, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé kí ló gbé wọn wá. Ẹ fi èyí tó fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún wọn, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kẹ́ ẹ má sì ya àwòrán wọn kiri láti fi pa ẹ̀rín. Bí ẹ ò bá rí ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wá a délé. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́ rí àwọn elétò ìlera, sọ ohun tó ń ṣe ọ́ fún ẹni tó ń kọ́ ọ, má sì jẹ́ kí ẹ̀rín ọjọ́ kan lé ọ sílé.

Ẹni tẹ́ ẹ bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní bá yín jà. Á kàn padà sílé lọ jókòó ni, ìjókòó yẹn ló sì ń pa wá.