Jímọ̀ Mọ́kànlá Tí N Kò Wọ̀n

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọlọ́lá, àgbà àti èwe, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Iṣẹ́ wíwọn nǹkan ni iṣẹ́ mi. N kì í mu ọtí, bẹ́ẹ̀ ni n kì í sọ àsọdùn. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó sì ṣojú mi kòró. Ẹlòmíràn gbọ́ ọ pẹ̀lú mi.

Kàmál ni orúkọ mi. Ìdílé aránṣọ ni wọ́n bí mi sí ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe títì láti Ìdògùn lọ sí Àfò ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Ọgbà wa wà ní Emùrè-Ilé. Nínú yàrá ìkẹ́rùsí ibẹ̀ ni àpótí ofeefee kan wà. Ẹ̀rọ tí a fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ títì ti le tó ni ó wà nínú rẹ̀. Horo kan tí kò tó ẹ̀wà sì wà nínú ikùn ẹ̀rọ náà, tí ó ń tú ìtànṣán jáde. Ojú kì í rí ìtànṣán yìí. Imú kì í gbóòórùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn òjé kékeré kan ni ó sé e mọ́. Bí ilẹ̀kùn náà bá há láìpadé, ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa jẹ ìyà tí kò mọ̀ nínú ara.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi èmi ṣe alábòójútó. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo gbọ́dọ̀ gbé mítà, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ìtànṣán, sún mọ́ àpótí náà, kí n ka iye tí ó bá fi hàn, kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n sì fọwọ́ sí i. Mítà náà a máa dún bí ẹni ń fi èékánná ta ìgò: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mẹ́rin ni iye rẹ̀ máa ń jẹ́. Mẹ́rin kò léwu.

Ògiri pákó ni ó pààlà láàrin àpótí náà àti àga Qudirat, obìnrin tí ó ń tọ́jú ẹrù. Oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù keje báyìí.

"Bọ̀ọ̀dá Kàmál, ṣé ó dáa lónìí?" Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn ní gbogbo Jímọ̀.

"Ó dáa."

"Ẹ wò ó dáadáa o. N kò fẹ́ bí ọmọ tí yóò máa tàn bíi gílóòbù."

"Níbi tí a kì í ti í ríná yìí? Ọmọ rere nìyẹn."

A ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ tí ó ń gbé wa lọ kírun Jímọ̀ ní Ọ̀wọ̀ kì í dúró de ènìyàn. Ní Jímọ̀ kan, mo sáré kọ mẹ́rin láti orí tábìlì, mo fọwọ́ sí i. Ní èkejì, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí aago ara ògiri kú, mo yọ bátìrì mítà, mo fi sínú aago. Jímọ̀ mọ́kànlá ni mo kọ báyìí. Láàrin àkókò náà, ọkọ̀ ń gbé àpótí náà lọ sí Ìdògùn, ó ń gbé e bọ̀, lórí ọ̀nà gbágungbàgun. N kò mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn òjé náà ń padé. Mẹ́rin ni mo ń kọ.

Ní Jímọ̀ kejìlá, ọkọ̀ fi mí sílẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ọyẹ́ ti mú kí ojú ọ̀run funfun. Ẹ̀rọ iná ti kú. Ẹyẹ kan kò ké. Mo ṣí ìwé, mo mú bírò.

Kẹ́.

Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ni. Mo fà á. Mítà náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo yí i padà. Ojú ibi tí bátìrì ń gbé ṣófo. Aláǹtakùn ti ta okùn sí i.

Kẹ́. Kẹ́.

Mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Ó dákẹ́. Mo gbé e dé ara àpótí ofeefee. Ó dákẹ́. Mo gbé e padà sórí ìwé. Ó dún. Mo ṣí ìwé sẹ́yìn, sí àwọn ojú-ewé tí mo fi òótọ́ kọ. Kò dún rárá. Mo mú un wálẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Níbi Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí mo purọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Ìlà mọ́kànlá. Abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ dúró lórí mẹ́rin.

"Bọ̀ọ̀dá Kàmál, kí ni ó ń dún yẹn?" Qudirat ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ kan lé ikùn.

"Kò sí nǹkan."

Mítà náà dún kíkankíkan.

"Ṣé àpótí yẹn dáa ṣá?"

"Ó dáa."

Bí mo ti sọ bẹ́ẹ̀, mítà náà han gooro. Qudirat fi ẹ̀yìn rìn jáde. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo ké sí ọ̀gá mi, Ẹnjiníà Ògúnbọ̀dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó yọ bátìrì aago, ó fi sínú mítà, ó wọn àpótí náà fúnra rẹ̀. Mẹ́rin. Ó wọn ìdí àga Qudirat. Kò sí nǹkan kan.

"Ṣé o ti rí i? Ó dáa."

"Lónìí ni, sà. Jímọ̀ mọ́kànlá ńkọ́?"

"Ta ni ó bi ọ́?"

"Qudirat, sà. Ní gbogbo Jímọ̀."

Ó pa ìwé náà dé. "Kàmál, lóṣù tí ń bọ̀ ni àwọn olùbẹ̀wò ìjọba ń bọ̀. Bí o bá la ẹnu, wọn yóò gba ìwé àṣẹ wa, èmi àti ìwọ yóò sì lọ ṣàlàyé fún ọlọ́pàá. Pa ẹnu rẹ mọ́."

Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó, mo kọ lẹ́tà sí àwọn olùbẹ̀wò náà. Mo jẹ́wọ́ Jímọ̀ mọ́kànlá náà, mo kọ ọjọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ sí i. Mo wá yọ bátìrì kúrò nínú mítà, mo gbé mítà náà sórí lẹ́tà náà. Ó dákẹ́ lórí ìlà kìn-ín-ní. Ó dákẹ́ lórí gbogbo ọjọ́ náà. Ọkàn mi ń balẹ̀ bọ̀. Ó ku ìlà kan péré lókè orúkọ mi. Mo ti kọ ọ́ pé: Kò sí ẹni tí ó fara pa.

Kẹ́.

Mo pa ìlà náà rẹ́. Mo kọ òmíràn dípò rẹ̀: N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni fara pa.

Kẹ́.

Mo pa ìyẹn náà rẹ́, nítorí ó jọ pé mítà náà ka àìmọ̀ mi pàápàá sí irọ́. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní, pẹ̀lú ìlà kan tí ó ṣófo. Qudirat ti gbé àga rẹ̀ lọ sí abẹ́ igi máńgòrò. Ní Jímọ̀ tí ó kọjá, ó pè mí láti ibẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Kàmál, ṣé ó dáa?"

N kò dáhùn. Mítà náà pẹ̀lú kò dún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń retí ohun tí n ó sọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ni kí n kọ sí ìlà náà? Kí sì ni kí n wí fún obìnrin yìí kí ó tó bímọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.