Tìmùtìmù Tí Kò Ní Ìdí

Bàbá àgbà fi ìṣó kékeré kan ìwé ìdánwò ìṣirò ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, lókè ẹ̀rọ ìránṣọ, níbi tí ojú gbogbo oníbàárà yóò ti bá a. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá gbé àga tó ya wá, bàbá á ní kó kọ́kọ́ wo ògiri ná. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọmọ náà, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í fẹ́ wo ògiri yẹn. Òun nìkan ló mọ̀ pé ara ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó ni òun ti da ìdáhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ ń ṣàlàyé bí a ṣe ń wá ìwọ̀n ara àti inú àpótí tí ìbú àti òró ìdí rẹ̀ bá dọ́gba, àwòrán bàtà ló ń yà sẹ́yìn ìwé.

Ní Sátidé kan, obìnrin tó ń bójú tó ilé ìkàwé àwọn ọmọdé wá, ó fẹ́ tìmùtìmù mẹ́fà. Àpò awọ ni wọn yóò jẹ́, tí fóòmù gígé yóò kún inú wọn, wọn yóò sì rí bí àpótí: orí àti ìdí yóò jẹ́ ogójì sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, gíga wọn yóò jẹ́ àádọ́ta. Ọjọ́rú ló fẹ́ gbà á. Bàbá ní ojú lásán lòun fi ń díwọ̀n awọ látìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́, òun sì máa ń rà á jù. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wà nílé, kí wọ́n kúkú ṣe é bí ìwé ti wí.

"Ṣó dá ẹ lójú pé o mọ̀ ọ́n?" ló bi í.

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín sí i, ìwé sì ń wò ó láti ara ògiri.

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Orí jẹ́ 40 lọ́nà 40, ìyẹn 1,600. Orí àti ìdí di 3,200. Ẹ̀gbẹ́ ló dà á láàmú. Ó rántí pé "méjì" kan wà nínú ohun tó dà kọ, ló bá ka ẹ̀gbẹ́ méjì péré, 40 lọ́nà 50 lẹ́ẹ̀mejì: 4,000. Àpapọ̀ di 7,200, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà, ó sì kọ 43,200 síwájú bàbá. Ìyá tó ń ta awọ gé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó kàn fi díẹ̀ kún un fún etí tí wọn yóò rán mọ́ra.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ń gé, ọmọ ń bá a di awọ mú. Àpò kìíní parí, èkejì parí, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹrin ku ìdí rẹ̀ nìkan nígbà tí awọ tán. Bàbá wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn àga. Ó wá gbé àpò náà sókè, ó yọjú wò ó láti ìsàlẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ló wí, "eléyìí wọ ẹ̀wù, kò wọ ṣòkòtò."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbé ọmọ náà, lẹ́yìn náà ni ẹkún gbé e. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan àwòrán bàtà. Bàbá ò na ọwọ́ sí i. Ó dìde, ó yọ ìwé kúrò lára ògiri, ó ká a, ó fi lé e lọ́wọ́. Ìyẹn dùn ún ju ẹgba lọ.

Lẹ́yìn náà ni bàbá fa páálí òfìfo kan jáde, ó fi ọ̀bẹ la àwọn etí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Ó ní kó kà á. Orí kan, ìdí kan, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin. Mẹ́rin! Nǹkan tí ọmọdé lè fi ìka kà. 3,200 pẹ̀lú 8,000 jẹ́ 11,200 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ 67,200. Awọ wọn fi 24,000 dín.

"Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà," ni bàbá wí. "'Mi ò mọ̀ ọ́n' ò wúwo lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Awọ búlúù tí wọ́n kọ́kọ́ rà ti tán lọ́dọ̀ ìyá aláwọ, yẹ́lò ló kù. Bàbá ní ẹni tó ṣi ìṣirò ṣe ni kó lọ ṣàlàyé fún oníbàárà. Ọmọ náà lọ, ó ní òun lòun ṣe é, kì í ṣe bàbá àgbà òun. Obìnrin náà ní kí wọ́n fi yẹ́lò parí ẹ̀. Àwọn ọmọdé ò ní tìtorí àwọ̀ kọ̀ láti jókòó. Ní Mọ́ńdè, ọmọ náà tún tọ olùkọ́ lọ, ó jẹ́wọ́. Olùkọ́ fagi lé mẹ́wàá náà, ó fún un ní ìbéèrè mìíràn, ọmọ náà sì dá jókòó ṣe é. Méje ló gbà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó délé.

Nígbà tó di ọ̀sán Túsìdeè, ó ku kí wọ́n rọ fóòmù sínú àpò. Bàbá béèrè iye garawa oní-lítà-ogún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà.

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

Ó mú ìdí, 40 lọ́nà 40, ó fi gíga sọ ọ́ di púpọ̀: 80,000. Lítà kan jẹ́ 1,000, nítorí náà garawa kan ń gba 20,000. "Garawa mẹ́rin ni."

Wọ́n rọ ọ́. Garawa kẹta ò kún un. Ẹ̀kẹrin kún un dé ẹnu, kò ṣẹ́kù, kò dà sílẹ̀. Bàbá rán an pa, ó jókòó lé e, ó sì ń fò lórí ẹ̀ bí ọmọ ọdún márùn-ún, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Máàkì tí a dà kọ lè dára lójú, ṣùgbọ́n kì í bá ni dé ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá lè sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n ti ń mọ̀ ọ́n bọ̀ nìyẹn.